Aago Fífúyẹ́ Tí Wọ́n Pè Ní Páńda ní Ìjerò

Bí ọ̀dọ́ kan bá na ọwọ́ síwájú mi lónìí, tó ní, "Ìyá Aláago, ẹ bá mi wo èyí, ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ?" orí mi á ti máa gbóná kí n tó fi awò sójú. Kì í ṣe ọ̀dọ́ náà ló ń bí mi nínú. Ìbéèrè yẹn ti ba nǹkan jẹ́ níṣojú mi rí, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn aago eré ìdárayá olówó gọbọi ni mò ń sọ, àwọn tó fúyẹ́ débi pé ẹni tó dè é lè gbàgbé pé òun de nǹkan. Ṣé wọ́n tó iye tí wọ́n ń tà wọ́n? N ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń dá yín lóhùn.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo padà sí Ìjerò, iṣẹ́ ò sí. Ọ̀gá Ọmọ́níyì tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ìjọ Áńgílíkà kan náà lòun àti ìyá mi ń lọ. Ìyá mi bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó gbà. Ohun tó ń san fún mi kò yẹ ní sísọ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ohun tó bí mi nínú nígbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó máa ń kọjá, tí wọ́n á yọ orí wọlé, tí wọ́n á ní, "Fúnmi, ṣé ìdí èyí lo ṣe lọ ka ìwé tó tó yẹn?" Mo mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí dòní. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá bá mi sọ ni, "Ùwọ tó ti parí ìwé yìí, ṣé o lè jókòó?" Mo ní mo lè jókòó. Ó fún mi ní àpótí kékeré kan. Fún ìgbà pípẹ́, jíjókòó ni iṣẹ́ mi. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀mú, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súkúrù. Kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá béèrè nǹkan, á ní, "Ojú lo fi ń béèrè níbí."

Ọ̀gá kì í nani, kì í pariwo. Líle tirẹ̀ wà nínú òfin. Bí súkúrù bá já bọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Ibi tí o bá wà lo máa wà. Ọ̀gá á mú igi tó so irin òòfà mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wá. Lọ́jọ́ kan, súkúrù tó kéré ju orí èèrà lọ já bọ́ níbi tí ó ti ń ṣe aago ìyàwó pásítọ̀ kan. Ìyàwó pásítọ̀ náà fẹ́ wọlé, Ọ̀gá ní kó dúró sínú oòrùn. Ó dúró. A wá a títí, a ò rí i. Ìgbà tí mo tú gèlè mi láti nu òógùn ni ó já bọ́ sórí tábìlì. Ọ̀gá wò mí, ó wo gèlè, ó ní, "Gèlè yunifásítì ti fẹ́ jí aago Ìyáàfin Pásítọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyàwó pásítọ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà mi ò wé gèlè wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó kà sí pàtàkì jù ni wíwọ̀n. Ó máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì di ojú àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀, á gbé aago sí àtẹ́lẹwọ́ wa. "Gbé e. Sọ ọ́ kalẹ̀. Gbé e padà. Kí ni?" A gbọ́dọ̀ sọ bóyá irin gidi ni, tàbí idẹ tí wọ́n fi góòlù kùn, tàbí páńda. Nígbà náà, Ọ̀gá kì í ṣìnà. Ayédèrú tí wọ́n ń kó wá láti ìlú ńlá, agolo àti ike ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á kùn ún kó máa dán. Aago gidi máa ń wúwo lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ sì ni gbogbo wa ń gbà gbọ́ lágbègbè yìí. Obìnrin tó ń ra iṣu lọ́jà Àrámọkọ, á gbé e sókè kó tó béèrè iye. Ẹni tó ń ra kòkó ní Ẹ̀fọ̀n, á kọ́kọ́ gbé àpò náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí òṣùwọ̀n má bàa purọ́ fún un. Nítorí náà, bí Ọ̀gá bá ti wọn aago lọ́wọ́, tó ní páńda ni, ọ̀rọ̀ parí. Láti Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti ń wá kó wọ̀n ọ́n fún wọn.

Lẹ́yìn náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ́wọ́ wa. Aago tí à ń yí lórí láràárọ̀ ni mo bá níbẹ̀: a máa ń tú u, a máa ń fi pẹtiróòlù fọ eyín rẹ̀, a máa ń kán epo sí i lẹ́nu abẹ́rẹ́. Aago oníbátìrì dé. Ọ̀gá pè é ní òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ní bí wọn ò bá bọ́ ọ, kò ní ṣe nǹkan kan. Fóònù dé, àwọn èèyàn ò wo ọwọ́ mọ́ kí wọ́n tó mọ aago tó lù. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí, tí mo sì ń fẹ́ kí ẹ kà dáadáa, ni pé àwọn tó ń ṣe aago olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sé ilẹ̀kùn mọ́ wa. Wọn ò ta ẹ̀yà ara aago fún wa mọ́. Wọ́n ṣe súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìrísí kan tí irin tí à ń lò kò wọ̀, wọn ò sì ta irin tó wọ̀ ọ́. Wọ́n sọ fún oníbàárà pé bí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn bá ṣí i, gárántì ti kú. Ẹni tó ra nǹkan tán, tí kò lè yan ẹni tó máa bá òun tún un ṣe, ẹ ṣàlàyé fún mi ohun tó rà.

Àsìkò yẹn ni àwọn aago fífúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọkùnrin ará Òkè-Ìmẹ̀sí kan gbé tirẹ̀ wá, kò bìkítà fún gárántì, ó kàn fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Mo fi ọjọ́ díẹ̀ rọ irin tó wọ súkúrù rẹ̀, mo ṣí i. N ó sọ òtítọ́, kódà bí inú ṣe ń bí mi sí àwọn tó ṣe é. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ mú kí n dìde, kí n lọ mu omi. Ara rẹ̀, irin tí wọ́n ń pè ní taiténíọ̀mù ni, irin líle tó máa ń jó ẹnu irinṣẹ́ tí wọ́n bá fi gé e. Wọ́n gé inú rẹ̀ kúrò títí tó fi tín-ín-rín bí ewé, síbẹ̀ kò rọ. Ẹnìkan ti fi ọwọ́ dán etí àwọn irin tí ẹni tó ni aago náà kò ní rí láéláé. Ọ̀gá tí mo sìn ì bá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é, ká ní ó ní irinṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fífúyẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn, irọ́ ni. Ó ṣòro láti mú kí irin fúyẹ́ kó sì tún le. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ro iṣẹ́ náà, mo ro irin náà, mo fi kún un fún wọn, mo tún fi kún un, kò dé ìdajì iye tí wọ́n ń tà á. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀ ló kó èyí tó kù. Ibẹ̀ ni ìjà mi pẹ̀lú wọn wà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bọ́lá.

Ọ̀gá ti darúgbó nígbà náà. Èmi ni mò ń ṣe ṣọ́ọ̀bù, òun máa ń jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn á sì kí i kí wọ́n tó kí mi, bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè kan, àwọn mẹ́ta wọlé. Bàbá àgbà kan ló ṣíwájú, olórí ẹbí kan ní Erijiyan. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, Bọ́lá, ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kẹ́yìn, Akin, ará Àrámọkọ, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá. Akin ló fẹ́ fẹ́ Bọ́lá. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe ìdána wọn.

Olórí ẹbí tú áńkáṣíìfù. Aago dúdú kan wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá Aláago," ó ní, "àwọn àna wa gbé èyí wá fún bàbá ìyàwó. Èmi ni mo gbà á, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí. Mo gbé e, bíi pé mi ò gbé nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n dá ìyókù dúró. Ẹ bá wa wọ̀n ọ́n."

Ohun tó wà nílẹ̀ ò fara sin. Ní ibi tiwa, bàbá ìyàwó kì í gba ẹrù ìdána fúnra rẹ̀. Ó máa ń jókòó sí yàrá, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ni yóò gba ohun gbogbo lórúkọ rẹ̀. Bí ẹni náà bá ní ayédèrú wà nínú ẹrù, gbogbo ẹrù ló máa padà, ìyàwó ò ní tẹ̀ lé ọkọ. Bàbá Bọ́lá ò tíì fi ojú kan aago náà.

Ọ̀gá na ọwọ́. Ó di ojú. Ó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e padà.

"Páńda," ó ní.

Bọ́lá wo ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì parí rẹ̀. Mo ti ṣí irú rẹ̀ rí. Aago gidi ni."

"Ṣé yunifásítì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" Ọ̀gá béèrè.

"Èmi ni, sà."

Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Obìnrin yìí ò fẹ́ kí ọkọ sọnù fún ọmọ wa."

Mo lọ yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo wọn aago náà lójú gbogbo wọn. Mo fi òwú so ó kọ́, mo rì í sínú ife omi, mo tún wọ̀n ọ́n nínú omi. Mo wọn ìdérí ike kan bákan náà. Mo ṣàlàyé pé ike fẹ́ẹ̀ léfòó, aago náà kò léfòó, irin ló wà nínú rẹ̀, irin tó fúyẹ́ ni. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú lórí àga, ó wo ife náà. Olórí ẹbí ní òun ò mọ nǹkan tó kan ife omi nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọwọ́ òun lòun mọ̀.

Mo ní kí Akin bá mi gbé òṣùwọ̀n padà. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo dúró.

"Ṣé ìwọ náà ò lè sọ̀rọ̀ ni? Kí ló dé tí o ra èyí tó fúyẹ́ báyìí, nígbà tí o mọ irú àwọn tí o ń gbé e lọ bá?"

"Mo lè sọ̀rọ̀, mà. Ohun tí màá sọ ni mi ò lè sọ níwájú bàbá yẹn."

Ó sọ fún mi. Bàbá Bọ́lá ti já bọ́ lórí igi obì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́, ó jinná ní wíwọ́. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbà fi í pamọ́. Ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn. Ọwọ́ òsì ni àgbẹ̀ fi ń di èso kòkó mú nígbà tí ó bá ń fi àdá là á. Tirẹ̀ ò lè dì í mú mọ́, àwọn alágbàṣe ló ń bá a là á ní kọ̀rọ̀. Oko náà, oko ẹbí ni. Olórí ẹbí ló ń pín in, ó sì ti sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹbí pé ẹni tí kò bá lè ṣe oko fúnra rẹ̀ yóò gbé e sílẹ̀. Akin lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, ó rí i tí bàbá náà tú aago irin rẹ̀, tó jù ú sápò, tó ń ra ọrùn ọwọ́. Kò béèrè. Ó lọ wá aago tó fúyẹ́ jù tó lè rí.

"Aago oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìjerò náà fúyẹ́ báyìí," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbé aago oníke síwájú wọn lọ́jọ́ ìdána, kí ni wọn ò bá sọ?"

Owó tó lè ra ilẹ̀ ní Àrámọkọ ni ó ná kí ẹnikẹ́ni má bàa kẹ́gàn fífúyẹ́ aago náà. Ó ra orúkọ, orúkọ náà ò dé Erijiyan. Ẹni tó tà á fún un ní ìlú ńlá ti sọ fún un pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ni, pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ìyẹn sí àwọn tó ṣe é lọ́rùn, mo ní kí ẹ kà á sí wọn lọ́rùn.

A padà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bọ́lá ti kúnlẹ̀ níwájú olórí ẹbí.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí bàbá mi rí i."

"Bàbá rẹ ò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Dìde."

"Mi ò ní dìde, sà."

"Bí ó bá wù ọ́, kí o sùn síbẹ̀."

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níta. Ọkùnrin kan sọ̀, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn àti eruku lẹ́sẹ̀. Bàbá Bọ́lá ni. Ó kí Ọ̀gá, ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ló ní kí o wá?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Wọ́n ní ẹ ti gbé ẹ̀bùn mi wá sí Ìjerò. Mi ò tíì rí i ni mo ṣe wá."

Ó yíjú sí mi, ó na ọwọ́ òsì. "Ìyá Aláago, ẹ bá mi dè é."

Akin ní, "Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà." Bàbá Bọ́lá ń wo èmi. Mo ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Eegun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́ náà bí kókó ara igi, awọ ibẹ̀ sì ń dán. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i. Mo de aago náà mọ́ òkè eegun yẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Mi ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ọwọ́ mi. Kò di èso kòkó mú mọ́, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọmọ yìí mọ̀, ó sì gbà kí ẹ pe òun ní oníjìbìtì dípò kó sọ ọ́ fún yín. Irú ẹni tí mo fẹ́ kó fẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Ti oko, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe."

Olórí ẹbí wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi í sápò. Ó sọ fún Akin pé ìyàwó ti di tirẹ̀. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ti oko, a ó sọ ọ́ ní ulé." Ó jáde.

Ọ̀gá mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì fi ìyẹn sọ́kàn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n tún lọ yá òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ góòlù, kí n tún gbé ife omi wá. Ó ní kí n tún un ṣe níwájú òun. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí tó fi kú, kò wọn aago fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n sọ ti oko náà nílé, bí olórí ẹbí ṣe wí. Kí ìkórè tó tẹ̀ lé e tó dé, ó gba apá tó dára jù níbẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá odò. Ó ní ẹbí ni òun gbà á fún. Kì í ṣe ẹbí ló gbà á fún. Àkọ́bí rẹ̀ ló gbé e fún, ẹni tí kò gbé Erijiyan, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sá kòkó. Alágbàṣe ló ń bá ìyẹn náà ṣe oko. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè, èsì mi nìyí. Iṣẹ́ gidi wà nínú aago yẹn, fífúyẹ́ rẹ̀ sì wúlò fún ẹni tó nílò rẹ̀. Kò tó iye tí wọ́n ń tà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ohun tí àwọn ẹlòmíràn máa sọ ni ẹ ń san án lé lórí, ẹ ò sì lè mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aago, ẹ kọ́ ọ, ó ṣì ń bọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ bí a ṣe ń rọ irinṣẹ́ fúnra ẹni, torí wọn ò ní tà á fún yín.

Mo pàdé Bàbá Bọ́lá láìpẹ́ yìí ní gáréèjì Àrámọkọ, níbi tí Bọ́lá àti Akin ń gbé, aago náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ kúkúrú. Ọ̀rọ̀ oko ẹ̀bá odò yẹn ṣì wà nínú mi bí ẹ̀gún. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé aago yìí tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wo ojú aago náà.

"Ilé ìwé ti fẹ́ jáde," ó ní. "Ọmọ Bọ́lá kì í tẹ̀ lé ẹlòmíràn wálé, àfi èmi." Ó sì yára kọjá títì.